Rírìn tàbí Sísáré: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ní Àrùn Parkinson?

Tí dókítà bá ti sọ fún èèyàn pé àrùn Parkinson ló ń ṣe é, tí wọ́n ti kọ oògùn, tí ojú ti wálẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé mo ṣì lè máa sáré, àbí kí n kúkú fi mọ sórí ìrìn? Àwọn ará ilé á ní, “Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ sinmi.” Àwọn oníṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, á ní jíjókòó gan-an ni ọ̀tá. Aládùúgbò á ní òun mọ bàbá kan tó ń jọ́gìn láràárọ̀ tí ara rẹ̀ sì le koko. Àìsàn yìí wà lára èmi náà, gbogbo ìmọ̀ràn yẹn ni wọ́n sì ti gbà mí rí.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, tí kò tíì ṣubú rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀, lè sáré, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣubú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrìn ni tirẹ̀: ìrìn tó yá, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tó ń mú kí èémí pọ̀. Àwọn tó kù sí àárín ni ọ̀rọ̀ wọn gba àlàyé, àwọn náà ló sì pọ̀ jù.

Ohun tí àìsàn yìí ń fi ìrìn ṣe

Inú ọpọlọ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine, èyí tó ń jẹ́ kí ara máa lọ geere láìjẹ́ pé a ń rò ó. Nínú àrùn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni gbogbo èèyàn máa ń rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń pinnu bí ẹni náà ṣe máa gbé ayé rẹ̀. Ìgbésẹ̀ á kúrú. Apá kan ò ní jù mọ́ nígbà tí a bá ń rìn. Ẹ̀yìn á tẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, etí gan-an á sì gbọ́ ọ: bàtà tó ń ró kọ̀, kọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa ró ṣìì, ṣìì.

Ìrìn tí a ti ń rìn láti ìgbà tí a wà lọ́mọ ọdún kan, tí a kì í ronú lé lórí, á di ohun tí a ní láti máa rò. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ń rìn dáadáa títí ẹnì kan á fi kí i lójú ọ̀nà. Bó bá ṣe ń dá ẹni yẹn lóhùn báyìí ni ẹsẹ̀ máa kọ́.

James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà, ti rí i ní 1817. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ní in máa ń tẹ̀ síwájú, ìrìn wọn á sì di eré láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ sáré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí eré méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀, tí ẹ lè dá dúró nígbà tó bá wù yín. Èkejì ni èyí tí àìsàn ń fi ẹsẹ̀ yín sá: ìgbésẹ̀ kéékèèké tó ń yára sí i, orí ti ṣáájú ẹsẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní dúró àfi tí ẹ bá di ògiri tàbí èèyàn mú. Ẹni tí irú eré kejì yìí ń ṣe, kò yẹ kó máa ronú eré àkọ́kọ́ rárá títí físíò á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún àwọn míì, ẹsẹ̀ á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ símẹ́ńtì. Ọkàn ti lọ, ara òkè ti lọ, ẹsẹ̀ ò tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà, ibi tóóró, àárín èrò, ibi tí èèyàn ti fẹ́ yí padà, àti títì tí ọkọ̀ ń bọ̀ ni ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1988, àwọn dókítà kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn wà lára wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ ilé-dé-ilé tí wọ́n ṣe ní Igbó-Ọrà jáde. Láàárín àwọn tó ti kọjá ọdún 39, iye tí wọ́n rí jẹ́ 67 nínú 100,000. Ti àwọn èèyàn dúdú ní ìgbèríko Mississippi ní Amẹ́ríkà jẹ́ 341. Ti Igbó-Ọrà kéré, ṣùgbọ́n ó wà nílé wa, ó sì ti pẹ́ tó ti wà.

Méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Rírìn | Sísáré |
|---|---|---|
| Ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ | Ẹsẹ̀ kan ò ní ṣàì wà nílẹ̀ | Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀; tí ẹsẹ̀ bá sì balẹ̀, agbára tó gbà tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara |
| Èémí | Ó gbọ́dọ̀ yá, tàbí kó jẹ́ lórí òkè, kí èémí tó pọ̀ | Èémí máa ń tètè pọ̀ |
| Ibi tí ewu wà | Ẹnu ọ̀nà, ìyípadà, èrò, ọ̀rọ̀ sísọ | Ìgbà tí a fẹ́ dúró, ìgbà tí a fẹ́ yà, kòtò, ìgbà tí oògùn ń tán lára |
| Tí ẹsẹ̀ bá kọ́ | Àyè ṣì wà láti gbá nǹkan mú | Ojú tàbí ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ |
| Oògùn | Ó dára kí oògùn ti wọlé | Tí oògùn ò bá tíì wọlé, ẹ má sáré |
| Ẹni tí ẹ nílò | Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó bá ṣeé ṣe | Ẹnì kan tó mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ìgbà tí ẹ ó padà |
| Orókún àti ìbàdí tó ń dunni | Ó ṣì ṣeé ṣe | Kò dára |

Àtẹ yìí ò sọ tán. Ohun méjì ló yẹ kí n tú síwájú sí i, èémí àti ẹsẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ èémí

Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SPARX. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú JAMA Neurology, ìwé ìwádìí àwọn dókítà ọpọlọ, ní ìparí 2017. Èèyàn 128 ló kópa, gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn náà ni, wọn ò sì tíì máa lo oògùn rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń lo treadmill, ẹ̀rọ ìrìn tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀, ní ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí ọkàn wọn ń lù dé ìwọ̀n 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó lè lù dé. Àwọn kejì ń ṣe é wẹ́rẹ́, ní 60 sí 65. Àwọn kẹta ń bá ìgbé ayé wọn lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò fún ara gbígbọ̀n, ara líle àti ìrìn wọn wọ́n, ti àwọn tí kò yí nǹkan kan padà ti burú sí i ní bíi àmì 3. Ti àwọn tó ṣe é kíkankíkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá: 0.3 péré. Àwọn tó ń ṣe é wẹ́rẹ́ wà láàárín, ní 2, ìyàtọ̀ wọn sí àwọn kẹta ò sì tó ohun tí a lè gbára lé.

Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lórí àwọn èèyàn tó pọ̀ ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, mo fi ọwọ́ pàtàkì mú un, torí ó fi hàn pé ìrìn fàájì, èyí tí à ń rìn tí à ń wo ọjà kiri, lè má tó. Ara gbọ́dọ̀ gbóná. Òógùn gbọ́dọ̀ jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ọkàn yín yẹ kó máa lù, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 60 á ní 160. Ìwọ̀n 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 128, ti 85 sì jẹ́ 136 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí lè tan àwa tó ní àìsàn yìí. Lára àwọn kan, ọkàn kì í yára tó bó ṣe yẹ torí àìsàn náà ti kan àwọn iṣan tó ń darí rẹ̀. Àwọn míì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dín lílù ọkàn kù. Ẹnu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n nígbà náà: tí ẹ bá lè kọrin, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kúkúrú kí ẹ tó tún mí, ó ti dé ibi tó yẹ, tí ọ̀rọ̀ ò bá jáde mọ́, ẹ dẹwọ́. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kí ó jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò kó tó máa lé èémí kiri.

Ohun tí inú mi dùn sí jù nínú gbogbo èyí ni pé a ò nílò eré kí èémí tó pọ̀. Ìbàdàn tí mò ń gbé kún fún òkè. Ẹni tó bá gbéra láti ìsàlẹ̀, tó gùn ún lọ sí Òkè Àrẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn, tó ń ju apá méjèèjì, ọkàn rẹ̀ á lù ju ti ẹni tó ń jọ́gìn wẹ́rẹ́ lórí títì tó tẹ́ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á sì wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Sísọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ilẹ̀ tó dagẹrẹ máa ń fa ara síwájú, ẹni tí ìrìn rẹ̀ máa ń di eré fúnra rẹ̀ lè má lè dúró. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ gun òkè náà, kí ẹ wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: kí bàtà yín sọ fún yín

Ẹ gbé bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ jù, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gìgísẹ̀ ló jẹ, tí ọ̀tún àti òsì sì jọ ara wọn, ẹsẹ̀ ń balẹ̀ bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ iwájú, níbi ọmọ ìka, ló ti jẹ, tí ti ẹsẹ̀ kan sì ju ti èkejì lọ, ẹsẹ̀ yẹn ń wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni àìsàn yìí máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé bàtà kan á ti tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nígbà ìrìn ni yóò kọ́kọ́ gbé yín ṣubú nígbà eré. Títí físíò á fi bá yín ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tí bàtà rẹ̀ rí báyìí sáré lórí títì.

Ohun kan wà tó lè dà bí ẹni pé ó tako èyí. Ní 2010, dókítà méjì ní Nijmegen, ní Netherlands, Anke Snijders àti Bas Bloem, kọ nípa ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tí kò lè rin ìgbésẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣubú. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ fún un. Ó gùn ún lọ, ó yí i padà, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ tún lẹ̀. Irú rẹ̀ wà láàárín wa: ẹni tó ń fà lórí ilẹ̀ gbalasa, tó jẹ́ pé á gun àtẹ̀gùn wẹ́rẹ́, tàbí tó lè sáré bó bá ti lè bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wà nínú irú wọn, ẹ má rò pé àdììtú ni, ẹ má sì tan ara yín. Kì í ṣe àárín eré ló máa ń ba nǹkan jẹ́ fún wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni, àti ìyípadà, àti ìdúró, kò sì sí eré tí kò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tí ìrìn lẹ bá yàn

Ìgbésẹ̀ gígùn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ ju apá tí kò fẹ́ jù, kí ojú yín wà níwájú dípò ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó bá jọ bí ẹni pé ó ti gùn jù lójú yín ni ó sábà máa ń jẹ́ ìgbésẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, torí àìsàn yìí máa ń da òṣùwọ̀n inú ara rú. Ní Berlin, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní LSVT BIG, tó dá lórí kí a máa ṣe ohun gbogbo ní ńlá, wé rírìn pẹ̀lú ọ̀pá méjì. LSVT BIG ló borí. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀pá méjì burú. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn nà, ó ń fún apá níṣẹ́, ó sì wúlò fún ẹni tí ìdúró rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú. Àmọ́ kí ẹ má fi ọ̀pá rọ́pò ìgbésẹ̀ gígùn.

Orin tàbí kíkà máa ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ gan-an. Ọpọlọ tí kò lè fún ara rẹ̀ ní ìlù mọ́ ṣì lè tẹ̀ lé ìlù tó ti ìta wá. Ẹ máa kà á sókè, “ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,” tàbí kí ẹ fi orin tí ìlù rẹ̀ dúró déédéé sí etí kan ṣoṣo, kí etí kejì lè máa gbọ́ ọ̀kadà.

Tí ẹsẹ̀ bá lẹ̀, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ dúró pátápátá. Ẹ na ẹ̀yìn, ẹ mí. Ẹ gbé ìwọ̀n ara sí ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé e sí èkejì, ẹ wá wo ibì kan nílẹ̀, ìlà tàbí òkúta, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn rìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà wọ́n lọ́wọ́. Ara òkè nìkan ni ẹ máa ń fà wá. Ẹ lè na ẹsẹ̀ yín síwájú tiwọn kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀, ìyẹn sàn ju fífà lọ. Tí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ yí gba ibi tó gbòòrò, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe ní ráńdábáòtù. Ẹ má yí lójú kan.

Tí wọ́n bá kí yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró kí ẹ tó dáhùn. Ní ilẹ̀ wa, a ò lè kọjá lára èèyàn kí a má kí i, ìkíni náà sì lè gùn, láti orí ilé dórí ọmọ. Ẹ dúró, ẹ kí wọn tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn padà pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn kan. Ẹ má gbé ẹrù sí ọwọ́ méjèèjì, ẹ má wọ sálúbàtà. Kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú ni, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn, tí kò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Tí eré lẹ bá yàn

Ibi tó tẹ́, tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, ni kí ẹ wá. Pápá ìsáré dára ju títì lọ. Lórí ọ̀nà àdúgbò wa, kòtò wà, gọ́tà wà, bọ́ǹpù wà, ọ̀kadà sì ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń rò bí ẹsẹ̀ á ṣe balẹ̀ ò lè tún máa rò ọ̀kadà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn títí ara á fi gbóná, kí ẹ wá máa sáré ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rìn mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìrìn. Ìdúró òjijì ló ń gbé èèyàn dojú bolẹ̀.

Tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń ká wọ inú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá ń yí sínú nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ ò gbọdọ̀ máa sá a lọ. Dystonia ni wọ́n ń pè é. Ó lè jẹ́ ara àrùn Parkinson, pàápàá nígbà tí oògùn bá ti tán lára. Ó sì lè wà láyè ara rẹ̀: àwọn sárésáré kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kì í ká àfi nígbà eré, tí wọ́n á sì rìn sẹ́yìn láìsí wàhálà. Dókítà ọpọlọ ló lè fi ìyàtọ̀ sí i.

Ní Britain, àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ ní ohun kan tó máa ń wù mí: parkrun. Láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kìlómítà 5 ni, láràárọ̀ Sátidé, kò sí owó kankan. Ẹni tó fẹ́ sáré á sáré, ẹni tó fẹ́ rìn á rìn, ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn títí dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá eré ni tàbí ìrìn, kò sí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti dán méjèèjì wò. Nígbà òtútù tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, kí ẹ dúró sílé, kí ẹ lo ẹ̀rọ.

Treadmill ńkọ́?

Ó dára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Cochrane, ẹgbẹ́ kan tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe àkójọ ìwádìí 18 lórí rẹ̀ ní 2015, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ìrìn yá, ó sì ń mú kí ìgbésẹ̀ gùn. Bẹ́líìtì tó ń lọ ló ń pè ẹsẹ̀ síwájú, ọwọ́ sì ní irin tó lè dì mú. Kò sí gọ́tà, kò sí ìkíni.

Iná ni ìṣòro rẹ̀ nílé wa. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, bẹ́líìtì á dúró, ara tó ń lọ ò ní dúró. Àfi tí ilé eré ìdárayá náà bá ní invẹ́tà, tí ìyípadà iná kì í pa ẹ̀rọ wọn, ẹ má sáré lórí rẹ̀. Ẹ rìn, ẹ gbé e dagẹrẹ díẹ̀, kí ọwọ́ wà nítòsí irin. Okùn pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ aṣọ, tó ń pa ẹ̀rọ tí èèyàn bá ṣubú, kí ẹ so ó mọ́ra gan-an. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ lásán lára ẹ̀rọ.

Oògùn ló ń pinnu àkókò

Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń tà lórúkọ Sinemet tàbí Madopar. Ó máa ń tó bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kó tó wọlé. Àkókò tó bá ti wọlé dáadáa ni àkókò eré, ìbáà jẹ́ ìrìn náà. Ẹni tó bá jáde nígbà tí oògùn ń tán lára máa rí i pé ọ̀nà tó gbà lọ láìsí wàhálà á ṣòro láti gbà padà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín yí ilé ká dípò kó jìnnà sí i.

Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà máa ń bá levodopa du ọ̀nà wọ inú ara. Ẹni tó bá jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ lówùúrọ̀, tó gbé oògùn lé e lójú ẹsẹ̀, lè retí kí oògùn wọlé títí kó máà rí i. Bí inú bá gbà á, ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ ló dára.

Àwọn kan ń bèèrè nípa wèrèpè. Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú hóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti hóró kan ò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, ẹni tó bá sì pò ó mọ́ oògùn dókítà lè rí i kí ara rẹ̀ máa yí, kó máa jó láìsí ìlù, kí èébì sì máa gbé e. Ẹ má ṣe é láìsọ fún dókítà yín, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ jáde.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tún máa ń já wálẹ̀ nígbà tí a bá dìde, yálà nítorí àìsàn náà tàbí nítorí oògùn. Ẹ jókòó sẹ́bàá ibùsùn díẹ̀ kí ẹ tó dìde, ẹ mu omi, kí ẹ má jáde lọ́sàn-án gangan. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, kò sí ìrìn kò sí eré lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ àìsàn míì

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni Parkinson. Essential tremor máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí a bá gbé ife tàbí ṣíbí, ẹsẹ̀ sábà máa ń dára, ọ̀pọ̀ wọn ló sì lè sáré. Propranolol tí wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀ ń dín lílù ọkàn kù, ẹnu ni kí àwọn náà fi wọ̀n ọ́n. Ataxia yàtọ̀: ẹsẹ̀ á là gbàgà, ara á máa mì lọ mì bọ̀. Fún un, ìrìn pẹ̀lú nǹkan tí a dì mú tàbí kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan ni mo máa mú, eré kò sí níbẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ yí padà

Ohun tí ẹ yàn lónìí lè má jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀, àìsàn náà ń yí. Tí ìrìn bá ti rọrùn jù, tí ẹ ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ wá òkè, tàbí kí ẹ fi eré ìṣẹ́jú kan sí i tí bàtà yín bá gbà. Tí ẹ bá ń sáré, tí ọmọ ìka ń kọ ilẹ̀, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ìdúró ń ṣòro, ẹ padà sí ìrìn ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà.

Ẹni tó bá sì ṣubú, bí kò tilẹ̀ fara pa, kó sọ ọ́ fún dókítà. Kó sọ àkókò tó ṣubú, kó sọ bó ti pẹ́ tó lẹ́yìn oògùn, kó sì sọ bóyá ó ń yí padà ni tàbí ó ń lọ tààrà. Àwọn nǹkan yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá oògùn ni kí wọ́n tún tò, tàbí ẹsẹ̀ ni kí físíò tún bá yín tọ́.